Ẹran, Ẹ̀wà àti Iná Ìdáná: Níbo Ni Èéfín Inú Abọ́ Wa Ti Ń Wá?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ìjọba Denmark gbé ìmọ̀ràn oúnjẹ tuntun jáde fún àwọn ará ìlú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí orí ìwé náà gbangba pé kì í ṣe ìlera nìkan ni àwọn ń rò, ojú ọjọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má jẹ ju nǹkan bí 350 gíráàmù ẹran lọ lọ́sẹ̀, kí ó sì máa jẹ nǹkan bí 100 gíráàmù ẹ̀wà sísè lójúmọ́. Ní 2024, Jámánì náà sọ tiwọn: 300 gíráàmù ẹran lọ́sẹ̀, ó parí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Denmark yẹn wò. 350 gíráàmù lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ kílò 18 ó lé díẹ̀ lọ́dún. Bí a bá pín gbogbo ẹran tí wọ́n ń jẹ ní Nàìjíríà dọ́gba, èyí tó máa kan ẹnì kan lọ́dún kò tó kílò 10. Ibi tí ará Denmark ń làágùn kí ó tó sọ̀kalẹ̀ dé, òkè ló ṣì wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní Amẹ́ríkà, ó ju kílò 100 lọ.

Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé “ẹ dín ẹran kù” kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń mu ògì lásán láàárọ̀ àti lálẹ́ kò ní ẹran tó fẹ́ dín kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní 2023 pé kí ẹran, ẹja tàbí ẹyin máa wà nínú oúnjẹ ọmọ oṣù 6 sí 23 lójoojúmọ́. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó náà, ẹ má torí ojú ọjọ́ mú ẹran kúrò nínú abọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ìpíndọ́gba máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tó jẹ sùyà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n bu ẹran fún lẹ́ẹ̀mejì lóde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹran orí òkèlè rẹ̀ nílé kì í sì í dín ní mẹ́ta, ó ti bá ará Denmark dọ́gba, ó tiẹ̀ lè ti ré e kọjá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Ìkòyí, ó wà ní Bódìjà, ó pọ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ní Amẹ́ríkà. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ìwádìí tí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí máa ń tọ́ka sí jù ni èyí tí Joseph Poore àti Thomas Nemecek gbé jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní 2018. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ nǹkan bí oko 38,700 jọ láti orílẹ̀-èdè 119. Wọ́n rí i pé oúnjẹ ló ń fa nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ amáyégbóná tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run. Èéfín ni mo máa pè é níbí kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, bí ojú ò tilẹ̀ rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Kílò CO2, afẹ́fẹ́ tí iná máa ń tú jáde bó bá ń jó, ni wọ́n fi ń wọn gbogbo rẹ̀ kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì. Kí ènìyàn tó rí 100 gíráàmù purotéènì lára ẹran màálù tí wọ́n sìn fún ẹran, èéfín rẹ̀ á tó kílò 50. Ti àgùntàn jẹ́ 20, ti ẹlẹ́dẹ̀ 7.6, ti adìyẹ 5.7, ti ẹyin 4.2. Ẹ̀pà jẹ́ 1.2. Ẹ̀wà kò tó kílò kan rárá: 0.84 ni.

Kí ló dé tí ti màálù fi ga tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ti fọ ṣàkì rí ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀ràn wà. Inú ṣàkì yẹn ni koríko máa ń kan sí kí ó tó di oúnjẹ fún màálù. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń ṣe iṣẹ́ náà, methane, ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́ amáyégbóná, sì wà lára ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Màálù á wá gùfẹ̀ ẹ́ síta láti ẹnu. (Àwọn tó ń fi ìsó màálù ṣe yẹ̀yẹ́ ti ṣìnà, ẹnu ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà jáde.) Kílò methane kan ń mú ayé gbóná tó kílò CO2 bíi 27 sí 30 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lójú ọ̀run, nǹkan bí ọdún 12 ló fi ń pòórá. Nítorí náà, bí a bá dín in kù lónìí, ojú wa yóò rí èrè rẹ̀.

Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé màálù tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, pé inú igbó ló ti ń jẹko, kò sí kẹ́míkà, kò sí ilé ìsìn-màálù ńlá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. A kì í gé igbó Amazon lulẹ̀ nítorí màálù tó dé ọjà Akínyẹlé n’Ìbàdàn, a kì í sì í gbin sóyà fún un. Ṣùgbọ́n màálù Fúlàní funfun yẹn ń rìn jìnnà, ó ń rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko gbígbẹ tó ń jẹ ṣòro fún un láti dà, ó sì máa ń tó ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó tó pa. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi ń gùfẹ̀. Ìwádìí Poore fúnra rẹ̀ fi hàn pé oko yàtọ̀ sí oko: níbi tó dára jù, 100 gíráàmù purotéènì màálù lè jẹ́ kílò 20, níbi tó burú jù, ó lè kọjá 100. Ẹni tó bá ní kí á pín ti màálù wa sí méjì, mi ò ní bá a jà. Bí a tilẹ̀ pín in sí méjì, ó ṣì fi nǹkan bí ìlọ́po 30 ju ẹ̀wà lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ inú ìkòkò. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, ẹran méjì méjì lálẹ́, ẹran kọ̀ọ̀kan nǹkan bí 50 gíráàmù. Ìyẹn jẹ́ ìdajì kílò lálẹ́ kan, kílò mẹ́ta àbọ̀ lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá yọ alẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹyin sí ọ̀kan, Titus tàbí ṣáwá sí èkejì, mọ́ín-mọ́ín sí ẹ̀kẹta, kílò kan àbọ̀ ẹran ti kúrò nìyẹn. Ní ìdajì iye tí wọ́n kọ fún màálù, ìyẹn kílò 50 lórí kílò ẹran kan (kílò ẹran kan ní purotéènì bíi 200 gíráàmù), èéfín tó lọ jẹ́ kílò 75 lọ́sẹ̀. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ kò ní ju bíi kílò 10 lọ. Lọ́dún kan, ó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Lítà pẹtiróòlù kan ń tú nǹkan bí kílò 2.3 CO2 jáde nígbà tó bá jó, torí náà alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn dà bí ẹni pé ìdílé kan ò jó pẹtiróòlù tó ju 1,400 lítà lọ. Mi ò mọ ohun mìíràn nínú ilé tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn tí yóò tó èyí láìra ohunkóhun.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Èéfín rẹ̀ kéré nítorí pé ẹran ni wọ́n torí rẹ̀ pa màálù, kì í ṣe awọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ẹran. Purotéènì inú awọ kò pé. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara ò lè dá ṣe kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ jẹ ẹ́ fún ìgbádùn ẹnu. Èyí tí wọ́n bá sì fi táyà jó irun ara rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ó wá ku ẹ̀wà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀wà wa yìí tó Nàìjíríà láyé, irúgbìn rẹ̀ tó ju 15,000 oríṣi lọ sì wà ní ìpamọ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n’Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ìdí tí èéfín rẹ̀ fi kéré wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fa ẹ̀wà tútù kan tu, ẹ ó rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò náà. Bakitéríà tó ń gbé ibẹ̀ ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ó ń fi bọ́ ewéko náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Ajílẹ̀ yẹn ní èéfín tirẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ó tún ń tú nitrous oxide jáde nínú oko, èyí tó fi bíi ìlọ́po 270 burú ju CO2 lọ.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ẹ̀wà dára. Ohun tó ń lé wọn sá fún un mẹ́ta ni: kòkòrò àti oògùn kòkòrò, inú tó ń kún, àti iná tó ń jẹ.

Ti kòkòrò lákọ̀ọ́kọ́. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀, oògùn kan náà tó wà nínú Sniper. Kò sí ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Kòkòrò ẹ̀wà ń mí, bí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí, ó kú. Àpò PICS tí wọ́n ń tà fún àwọn àgbẹ̀ ń lo ọgbọ́n yìí: nylon nípọn méjì wà nínú, àpò híhun kan wà lóde. Ẹ sá ẹ̀wà títí tí yóò fi dún pàkà bí ẹ bá fi eyín gé e, ẹ dà á sínú nylon àkọ́kọ́, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ po kí ẹ tó so ó. Nylon kejì bákan náà, lẹ́yìn náà àpò ìta. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n ṣí i lọ́sẹ̀ kejì láti yọ kọ́ńgò kan, afẹ́fẹ́ á wọlé, àwọn kòkòrò tó kù á sì jí. Nínú ilé, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó gbẹ dáadáa tó: ẹ kún un dé ẹnu, ẹ mì í kí ó jókòó, ẹ tún kún un, ẹ dé e pinpin. Kí ẹ̀wà tí kẹ́ẹ̀gì kan gbà má ju èyí tí ẹ lè jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i. Ẹni tó ní fìrísà tí iná rẹ̀ dúró lè tọ́jú ẹ̀wà síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹyin kòkòrò pàápàá á kú.

Ti inú tó ń kún: ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí inú wa ò lè dà, ìfun ńlá ló ń dé tí bakitéríà ibẹ̀ á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Omi ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Fún ìdajì kílò ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà méjì fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ da omi náà nù, ẹ ṣàn án. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná bíi ti Èkó nínú oṣù Kẹta, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá mẹ́jọ. Bó bá ti ń hó lójú omi, ó ti ń kan nìyẹn. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, kó fi ìwọ̀nba bẹ̀rẹ̀, ìfun á mọ̀ ọ́n lára.

Ti iná ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí, torí òun ni àwọn tó ń ya àwòrán kábọ́ọ̀nù oúnjẹ ní Yúróòpù kì í kà sí. Ojú gáàsì kan tí ẹ tan dé òpin ń jó nǹkan bí 150 sí 200 gíráàmù gáàsì ní wákàtí kan, kílò gáàsì kan sì ń tú kílò mẹ́ta CO2 jáde. Ẹ̀wà olóyin tí wọn ò rẹ, tó hó fún wákàtí méjì lórí iná ńlá, ti lè jẹ 300 sí 400 gíráàmù gáàsì, ìyẹn kílò èéfín kan. Èéfín ìdajì kílò ẹ̀wà náà láti oko kò tó bẹ́ẹ̀. Iná ti ju oko lọ.

Ohun mẹ́rin ló ń mú kí ó pẹ́, a sì lè yẹra fún gbogbo wọn. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin máa ń le, kò sì sí ohun tí a lè ṣe fún un ju kí á má ra èyí tó ti ṣú tàbí tó ti hunjọ. Omi kànga tàbí dẹ̀rọ̀ tó ní kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀, èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, máa ń dí i lọ́wọ́ láti rọ̀. Ẹ lo omi òjò. Tòmátì tí wọ́n tètè fi sí i máa ń mú kí èèpo rẹ̀ gan, nítorí kíkan tó wà nínú rẹ̀: ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ tán kí ata tó wọlé. Ẹ̀kẹrin ni iná ńlá. Omi tó ń hó kò lè gbóná ju bó ṣe gbóná lọ, bí ẹ tilẹ̀ fi iná sun ún láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ooru tó lé ń lọ sí ara ògiri ni. Bó bá ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀ kí ó máa ta pọ́pọ́, kí ọmọrí sì dé e dáadáa.

Kán-ún ń mú un yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa fítámì B1, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a torí rẹ̀ ń jẹ ẹ̀wà. Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, èyí tó ń fọn fèrè, dára jù ú lọ. Ẹ̀wà tí ẹ ti rẹ yóò jinná láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Èyí tí ẹ ò rẹ, ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹ má kún un kọjá ìdajì. Ìfòfó ẹ̀wà máa ń dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Ṣíbí òróró kan nínú omi ń dín ìfòfó náà kù. Ẹni tí kò ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní kúlà tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì lọ sóde àríyá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà rírẹ hó fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé ìkòkò náà tòun tọmọrí sínú kúlà, ẹ fi aṣọ nípọn ká a, ẹ sì pa á dé fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ tún gbé e kaná kí ó hó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́, nítorí oúnjẹ tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àìsàn fẹ́ràn.

Èédú àti igi ìdáná wá burú ju gáàsì lọ. Bí wọ́n ṣe ń sun èédú lábẹ́ ilẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ó lè gba kílò igi márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí kílò èédú kan tó jáde, èéfín gidi tó ń wọ imú ìyá olóúnjẹ ò sì sí nínú ìṣirò yẹn. Irú pàápàá, tí mo fẹ́ràn ju gbogbo mágì ayé lọ, máa ń hó lórí igi fún bíi wákàtí 12 kí èèpo rẹ̀ tó ṣeé bó. Ṣíbí kan là ń fi sínú ọbẹ̀, torí náà kò ṣe nǹkan kan. Iyọ̀ tó ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju èéfín rẹ̀ lọ.

Ẹ̀wà nìkan ò tó. Ohun tí purotéènì rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó sí, àgbàdo àti ìrẹsì ní in, èyí tí wọ́n sì ṣàìní, ẹ̀wà ní in: àdàlú, ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Gàrì kì í ṣe ara wọn, bí ó ti wù kí gàrì àti ẹ̀wà dùn tó, nítorí purotéènì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú gàrì. Fítámì B12 kò sí nínú ẹ̀wà rárá, ẹyin tàbí ẹja díẹ̀ ló ń dí àlàfo yẹn. Kí áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀wà lè wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ fi ọsàn tàbí ata tútù tẹ̀ lé e, kí tíì sì dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìrẹsì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú àbàtà tí omi bò, kòkòrò methane kan náà tó wà nínú ṣàkì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹrẹ̀, torí náà kílò ìrẹsì kan ń ná ayé ní bíi kílò 4.5, nígbà tí ti ẹ̀gẹ́ jẹ́ 1.3. Bí àgbẹ̀ bá jẹ́ kí omi fà dé 15 sẹ̀ntímítà nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀ kí ó tó tún bomi sí i, methane yẹn lè dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta, ìrẹsì ò sì ní dín.

Àtẹ oúnjẹ tí EAT-Lancet, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti onírúurú orílẹ̀-èdè, gbé jáde ní 2019 fún gbogbo ayé fi 50 gíráàmù isu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún ṣe ìwọ̀n ojúmọ́ kan, 100 sì ni òpin rẹ̀. 50 gíráàmù! Ìyẹn kò tó òkèlè méjì iyán. Wọ́n ní ìdí, torí ọ̀dùnkún díndín ló wà lọ́kàn wọn àti ìtọ̀ ṣúgà tó ń tẹ̀ lé e. Ní ti èéfín, isu àti ẹ̀gẹ́ kò jẹ gbèsè kankan. Ohun tí mo gbà nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé òkèlè wa tóbi ju ọbẹ̀ wa lọ. Ẹ bu ìdá mẹ́ta òkèlè kúrò, ẹ sọ ẹ̀fọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ má yí ohun mìíràn padà fún oṣù kan.

Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀nà jíjìn kì í sábà jẹ́ ìṣòro, ohun tó gbé e wá ni. Isu tó bá ọkọ̀ ojú omi wá ń ná ayé ní bíi 100 sí 200 gíráàmù èéfín lórí kílò kan. Ẹ̀fọ́ ùgwù tútù tó bá bàlúù wá láti Èkó ń ná an ní kílò márùn-ún àbọ̀, ìyẹn ju ti kílò ẹyin kan lọ. Èyí tí wọ́n sá gbẹ fúyẹ́ gan-an, kò sì nílò bàlúù. Tẹ̀tẹ̀ ń hù dáadáa ní ìgbà ooru nínú ọgbà ìlú yẹn, orúkọ callaloo ni àwọn ará Jamáíkà fi ń tà á. Ní òtútù, ẹ lo spinach inú fìrísà, kí ẹ fún omi rẹ̀ gbẹ kí ó tó wọ ẹ̀fọ́ rírò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọbẹ̀ á dà bí omi ìṣanwọ́. Ẹni tó bá sì ń fi kidney beans pupa rọ́pò ẹ̀wà tiwa, kó jẹ́ kí ó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú 10 kí ó tó rẹ iná sílẹ̀. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí ìkòkò oníná jẹ́jẹ́ ò lè pa, èébì ni yóò fi ṣe é.